Ìjàlọ lé wa jáde nínú àgọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Lóṣù tó kọjá, èmi àti àbúrò mi tẹ̀ lé ọdẹ kan lọ pàgọ́ sínú igbó Ọmọ, nípìńlẹ̀ Ògùn, nítorí erin. Erin ò yọjú (ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan la rí), ìjàlọ ló wá kí wa lóru. Àbúrò mi jó ijó tí kò kọ́ rí! A da eérú yí àgọ́ ká, a wọ́n kẹrosíìnì, òjò fọ gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ro ibùsùn tí wọ́n ń so mọ́ igi, àmọ́ ìjàlọ náà ń gun igi. Lásìkò òjò báyìí, irú ibo ló yẹ ká pàgọ́ sí tí wọn ò fi ní bá wa? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.