Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí n'Ìbàdàn, báwo lẹ ṣe múra sílẹ̀?

Ìyá Tọ́mi, Bódìjà:
Ìju ni tèmi, fáíbírọ́ìdì. UCH ni wọ́n ti yọ ọ́. Kí n má purọ́, ọ̀bẹ ò dẹ́rù bà mí tó ẹnu àwọn èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ ló ń ṣàdúrà pé "ọ̀bẹ ò ní kàn ẹ́." Èmi tí mo ti sanwó, tí wọ́n ti fún lọ́jọ́, ṣé kí n wá ṣe àmín sí ìyẹn ni? Mo bá dín àwọn tí mò ń sọ fún kù. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún rí, ló fi àpá wọn hàn mí. Wọ́n ní ikọ́ àti ẹ̀rín ló máa ń dunni jù lẹ́yìn ẹ̀, kí n máa fi ìrọ̀rí tẹ ikùn bí mo bá fẹ́ wúkọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo "kò sí nǹkan kan" tí àwọn yòókù ń sọ.

Ẹ̀jẹ̀ mi ló kéré. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, jẹ́ 26, dókítà sì fẹ́ kó tó 30 kí wọ́n tó gbé mi wọ tíátà. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ má jáyà. Mò ń jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́, mò ń fi ọsàn lé e. Mi ò mu tíì mọ́ ọn, torí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àbúrò mi lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Àgbo wá ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ fún dókítà o! Àwọn kan nínú ẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù. Màmá mi bínú nígbà tí wọ́n ní kí n dá tiwọn dúró, ṣùgbọ́n mo dá a dúró.

Alfa, Òjé:
Ìpá ni tèmi. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, ojú mi là kedere, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí mi. Dókítà oorun, ìyẹn ẹni tó ń fúnni ní oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, mo ti bi wọ́n ní gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n bẹ̀rù. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wọnú fún wákàtí 6, omi lásán, wákàtí 2. Wọ́n ní oúnjẹ lè padà sókè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ wá láàárọ̀ kùtù, ó ní ebi ò gbọ́dọ̀ pa mí. Òun àti àbúrò mi ló jókòó jẹ ẹ́ lójú mi.

Ọmọ Yemetu:
Ẹ má kun lálì dúdú tàbí kíútẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè má rí i kà dáadáa. Ẹ fi yẹtí àti òrùka sílé. Ilẹ̀kẹ̀ ìdí náà o, nọ́ọ̀sì á bi yín.