Ọdún tí White Sox pàdánù eré 121: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Adámásingbà:

Ẹ kú ilé o. Apá gúúsù Chicago ni mo ń gbé, ọkọ̀ mi ni mo fi ń gbé èrò. Ẹni bá sì ń gbé gúúsù, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù White Sox ni tirẹ̀; àwọn ará àríwá ló ni ẹgbẹ́ Cubs. Kì í ṣe pé mo yàn án. Ọdún 2005 tí mo dé síbí gan-an ni wọ́n na Houston ní eré mẹ́rin léraléra tí wọ́n gba ife. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Àṣé ó ti tó ọdún 88 gbáko tí àwọn èèyàn ti ń retí ẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká wá sórí 2024. Nínú eré 25 àkọ́kọ́, mẹ́ta péré ni wọ́n borí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Bí wọ́n bá na 3SC, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ Àìkú, a ó fi ọ̀sẹ̀ kan sunkún ká tó tún pàdé. Ní ti bésíbọ́ọ̀lù, eré 162 ni lọ́dún kan, ojoojúmọ́ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á nà wọ́n lónìí, wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á tún wọṣọ lọ gba tọ̀la.

Láti July wọ August, wọ́n pàdánù eré 21 tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ mi ọkùnrin ń fa ìlà sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, ìyá rẹ̀ ní kó dẹ́kun, pé ó dà bí ẹni ń ka ọjọ́ ẹ̀wọ̀n. Oakland ni wọ́n ti já okùn náà ní August 6, 5 sí 1. Ní August 8, wọ́n lé Pedro Grifol tó ń darí wọn.

Mo bi èrò kan nínú ọkọ̀ mi léèrè pé, líìgì wo ni wọ́n máa já sí báyìí? Ọkùnrin náà wò mí títí. Kò sí jíjá níbí, ó ní. Ẹ gbọ́ mi o: lọ́dún 2017 tí 3SC já kúrò nínú líìgì ńlá, bàbá mi ò jẹun alẹ́. Àwọn wọ̀nyí á pàdánù ju gbogbo ayé lọ, ipò wọn á sì máa dúró dè wọ́n. N kò tíì mọ èwo ló sàn jù nínú méjèèjì.

Ní September 22, wọ́n pàdánù eré 120 ní San Diego, wọ́n bá ẹgbẹ́ Mets ti ọdún 1962, tó pàdánù jù tẹ́lẹ̀, dọ́gba. Ọ̀kan sí i, kò tún sí ẹgbẹ́ tó burú tó wọn láti ọdún 1900 wá. Ilé ni wọ́n sì ń bọ̀, kí wọ́n wá bá ẹgbẹ́ Angels gbá. Ní ọjọ́ 24, mo páàkì ọkọ̀, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí n má purọ́, òkú ni mo lọ wò, bí ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà níbẹ̀. Àwọn èrò ń pariwo sí ẹni tó ni ẹgbẹ́ pé kó tà á, kó tà á. Angels ń lù wọ́n lọ, 2 sí òdo. Nígbà tó di abala kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ yìí ṣàdédé jí, wọ́n gba mẹ́ta wọlé, wọ́n borí! Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí mi orí: “Nǹkan kan ṣoṣo tí mo wá wò, wọn ò lè ṣe é.” Eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi na Angels.

Detroit ni wọ́n ti wá pàdánù ti 121, ní ọjọ́ 27. Alẹ́ yẹn náà ni Detroit rí ọ̀nà wọ ìdíje àṣekágbá, wọ́n ń jó. Ẹni tó máa fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá ò ráàyè.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà yẹn. Bàbá kan wà níbẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń bi mí pé, “Wọ́n ti tún pàdánù?” Kí ni mo mọ̀ nípa bésíbọ́ọ̀lù? Ṣùgbọ́n mo ń yẹ fóònù mi wò kí n tó wọ yàrá bàbá. Mo kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀. Alẹ́ Oakland yẹn, ilẹ̀ ti ṣú gan-an kí eré tó parí lọ́dọ̀ wa. N kò lè dúró di àárọ̀. Mo jí i. Mo ní, “Bàbá, wọ́n borí o!” Ó ní kí n má purọ́ fún àgbàlagbà. Àfi ìgbà tí mo gbé fóònù sí i lójú.

Ará Àríwá:

Ẹ kú ìrọ́jú. Cubs dúró de ife láti 1908 dé 2016, a ò kú.

Ọmọ Adámásingbà:

Bọ̀dá, ẹ jókòó síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé òfin líìgì ò jẹ́ kí wọ́n wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ipò kẹwàá ni wọ́n fún wọn. Garrett Crochet, tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni yin ìbọn, wọ́n ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Boston ní December 2024. Ní 2025 wọ́n borí 60, wọ́n pàdánù 102.

Mo ṣì ń dé fìlà wọn wa ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èrò kan láti àríwá wọlé, ó wo fìlà náà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó fi dọ́là márùn-ún lé owó mi, ó ní kí n fi mu nǹkan tútù.