Ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì wo gan-an ló tọ́ sí àmì ẹ̀yẹ ńlá?

Alákàwé:

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí tipẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń pín àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ìwé, Booker o, Pulitzer o, National Book Award o, ìtàn sáyẹ́ǹsì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú níbẹ̀, tó bá sì wá rí i gbà náà, wọ́n á ní èyí kì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì, ìwé gidi ni. The Road tí Cormac McCarthy kọ gba Pulitzer lọ́dún 2007, ayé ti jóná tán nínú ìwé yẹn, eérú ló kù, bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí gúúsù. Tó bá jẹ́ ẹni tó ti ń kọ ìtàn sáyẹ́ǹsì látilẹ̀ ló kọ ọ́, ṣé wọ́n á tiẹ̀ ṣí i wò ni? Ní 2017 The Underground Railroad ti Colson Whitehead gba Pulitzer, ó tún gba Arthur C. Clarke Award tó jẹ́ ti ìtàn sáyẹ́ǹsì gangan lọ́dún kan náà. Ìyẹn ni pé ojú àwọn adájọ́ méjèèjì lè ríran dé ibì kan náà tí wọ́n bá fẹ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ìwé tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti wà nínú ẹ̀ ni kí wọ́n máa fún ní nǹkan o. Púpọ̀ nínú wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Bí èmi ṣe ń wọn ìwé ni pé, téèyàn bá yọ sáyẹ́ǹsì inú ẹ̀ kúrò tí ìtàn yẹn ṣì dúró digbí, a jẹ́ pé aṣọ lásán ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe yọ ọ́ báyìí gbogbo ẹ̀ wó, èrò inú ẹ̀, gbólóhùn inú ẹ̀, ìwà àwọn èèyàn inú ẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí ẹ̀bùn tó ga jù.

Èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú wá ni The Left Hand of Darkness ti Ursula K. Le Guin, ọdún 1969. Ó gba Hugo, ó gba Nebula, àmì ẹ̀yẹ ìtàn sáyẹ́ǹsì ni méjèèjì, àmọ́ àwọn ẹlẹ́bùn yòókù ò wẹ̀yìn wò. Ẹ rántí Genly Ai tí wọ́n rán lọ sí ayé mìíràn tó ń jẹ́ Gethen, níbi táwọn èèyàn ibẹ̀ kì í ti í ṣe ọkùnrin kì í ṣe obìnrin àfi ìgbà díẹ̀ nínú oṣù. Gbogbo ìwé ló fi ń gbìyànjú láti mọ bó ṣe máa wo wọ́n. Nígbà tó wá di òpin, ọkọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀ balẹ̀, àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, ohùn wọn ò wá bá etí ẹ̀ mu mọ́, tàwọn kan ti ki jù, tàwọn kan ti tín-ín-rín jù, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹranko ńlá oríṣi méjì tí ò rí rí. Le Guin ò ṣàlàyé kankan níbẹ̀, ìwọ tó ń kà á lo máa ṣàdédé rí i pé ojú tìẹ náà ti yí padà láìmọ̀. Ẹ sọ fún mi, ìwé wo láyé ló tún lè ṣe ìyẹn láìní ayé mìíràn nínú?

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún? Kẹ́ ẹ sì sọ ìdí ẹ̀ o, ẹ má kàn dárúkọ kẹ́ ẹ sá lọ.

---

Ìyá Ìwé:

Alákàwé, ọ̀rọ̀ rẹ dáa, àmọ́ jẹ́ ká pín in sí wẹ́wẹ́ díẹ̀. Le Guin ò lè gba Booker ní 1969, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn Booker fún gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Pulitzer àti National Book Award ló yẹ ká bi ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú, torí wọ́n mọ obìnrin yẹn dáadáa! Ní 1973 wọ́n fún un ní National Book Award fún The Farthest Shore, ẹ̀ka ìwé ọmọdé ni wọ́n fún un sí. Nígbà tó kọ The Dispossessed lọ́dún kejì, ìwé fún àgbàlagbà pọ́ńbélé, ìwé tó ń bi wá bóyá èèyàn lè gbé láìsí ìjọba láìsí dúkìá, Hugo àti Nebula náà ló tún gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ló parí.

Ohun kejì, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé àwọn adájọ́ ló ń kórìíra ìwé wọ̀nyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ìwé ń gbà dé ọwọ́ wọn. Booker, ilé ìtẹ̀wé ló ń fi ìwé ránṣẹ́, iye tí kálukú lè fi ránṣẹ́ ò pọ̀, ilé ìtẹ̀wé tí ìwé ẹ̀ bá sì ti ń wọ àkójọ wọn tẹ́lẹ̀ ló ń láǹfààní láti fi púpọ̀ sí i ránṣẹ́. Ẹ wá fi ara yín sípò atẹ̀wé tó ní àyè kan péré, ṣé ìwé tó ní róbọ́ọ̀tì nínú lẹ máa fi du àyè yẹn àbí ìwé tí irú ẹ̀ ti wọlé rí? Ọgbọ́n atẹ̀wé ò ní jẹ́ kó fi ṣeré. Tó bá wá di ọdún tó ń bọ̀, àyè ẹ̀ ò ní pọ̀ sí i, ibi tó wà náà ló máa wà. Kim Stanley Robinson, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì, pariwo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn New Scientist lọ́dún 2009, ó ní Yellow Blue Tibia, ìtàn sáyẹ́ǹsì ti Adam Roberts, ló yẹ kó gba Booker ọdún yẹn. Wolf Hall, ìwé Hilary Mantel nípa ayé àtijọ́, ló gbà á. Ìwé tó dáa ni Wolf Hall, mi ò bá a jà, àmọ́ Robinson ti sọ ohun tó yẹ kẹ́nì kan sọ.

---

Olójú_Sánmà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, èmi ò ní fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Kí ló dé tá a fi ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹni ẹlẹ́ni? Hugo ti wà láti 1953, The Demolished Man ti Alfred Bester ló kọ́kọ́ gbà á, àwọn òǹkàwé tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Worldcon, ìpàdé ọdọọdún àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì, ló ń dìbò sí i, kì í ṣe èèyàn 5 tó jókòó yí tábìlì ká. N. K. Jemisin gba Hugo lọ́dún 2016, 2017, 2018, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú Broken Earth, ẹnikẹ́ni ò ṣerú ẹ̀ rí kó tó dórí ẹ̀. Liu Cixin gbà á ní 2015 fún The Three-Body Problem, ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Ṣáínà. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ ńlá ni?

Òótọ́ tí a gbọ́dọ̀ sọ tún wà o. Àwa gan-an tá a fẹ́ràn ìtàn sáyẹ́ǹsì, èrò la máa ń fún ní ẹ̀bùn, a kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ọwọ́ tó kọ ọ́. Ní 1966 wọ́n dìbò fún Foundation ti Asimov pé òun ni ọ̀wọ́ ìwé tó dáa jù láti ayébáyé. Èrò inú ẹ̀ ga, kéèyàn lè fi ìṣirò mọ ibi tí odindi ayé ń lọ, ta ni ò ní ya lẹ́nu? Àmọ́ ẹ ṣí i, ẹ kà á: àwọn ọkùnrin jókòó sí yàrá kan, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sí yàrá mìíràn, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Èmi ò lè fún un ní Pulitzer. Ẹ tún wo Gravity's Rainbow ti Thomas Pynchon. Ní 1974, àwọn adájọ́ Pulitzer mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé òun ló yẹ kó gbà á, ìgbìmọ̀ tó wà lókè wọn kọ̀, wọn ò sì fún ìwé ìtàn kankan lọ́dún náà. Nebula ńkọ́? Wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ náà, Rendezvous with Rama ti Arthur C. Clarke ló fẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀. Rama dùn, ọkọ̀ ńlá tó ṣófo tó ń kọjá lọ lójú sánmà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ téèyàn bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Torí náà kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn lámèyítọ́ nìkan ni àbùkù wà.

---

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé:

Ẹ̀gbọ́n Olójú_Sánmà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí Foundation. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tí èrò àti ọwọ́ ìkọ̀wé ti di ọ̀kan, ẹ jẹ́ n mú Flowers for Algernon ti Daniel Keyes wá, torí kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu.

Charlie Gordon fúnra ẹ̀ ló ń kọ ìwé náà bí ìjábọ̀ tí àwọn dókítà ní kó máa kọ. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ ẹ̀ kó lè gbọ́n, sípẹ́lì ẹ̀ ò dáa, gbólóhùn ẹ̀ kúrú, kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ibi iṣẹ́ ẹ̀ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n, ìwọ tó ń kà á sì ti mọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní àmì kómà, ṣe ló da kómà sí gbogbo ibi, láàrin ọ̀rọ̀ tí ò yẹ kó sí, inú ẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó yá gbólóhùn ẹ̀ gùn, ó le, ó di ti ọ̀mọ̀wé tí àwọn dókítà yẹn gan-an ò lè bá mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, ẹ ò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín, kómà ló kọ́kọ́ ń sọnù, sípẹ́lì tẹ̀ lé e. Mo ń kà á mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ wá gbé ìwọ̀n Alákàwé lé e, ẹ yọ iṣẹ́ abẹ yẹn kúrò, kò sí ìwé mọ́. Ó pín Nebula pẹ̀lú Babel-17 ti Samuel R. Delany, mi ò rò pé ìyẹn tó o.

Èkejì tèmi ni Kindred ti Octavia Butler, 1979. Dana, obìnrin dúdú, òun àti ọkọ ẹ̀ ń tú ẹrù sínú ilé tuntun ní California lọ́dún 1976, àfi bí nǹkan ṣe fà á lọ sí Maryland ayé ìgbà oko ẹrú, kó lọ yọ ọmọkùnrin òyìnbó kan tó ń rì sómi. Ọmọ yẹn ló máa di baba ńlá ẹ̀. Tí ò bá gbà á là, òun náà ò ní sí, ó sì ń wo ọmọ yẹn bó ṣe ń dàgbà di ọ̀gá ẹrú. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti sọ fún wa pé òun pàdánù apá òun kan nígbà tóun ń bọ̀ wálé. Wọ́n fún Butler ní owó MacArthur tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ ní 1995, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ Kindred fúnra ẹ̀ ńkọ́?

---

Alákàwé:

Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun gan-an, Algernon yẹn bọ́ sójú ẹ̀. Ìyá Ìwé, ẹ ṣé mà, ọ̀rọ̀ àyè kan péré yẹn ṣí mi lójú.

Ẹ jẹ́ n fi Never Let Me Go ti Kazuo Ishiguro kún un. Ó wọ àárín àwọn 6 tó kẹ́yìn fún Booker ní 2005, The Sea ti John Banville ló gbà á. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe jáde láti ara ẹlòmíràn kí wọ́n lè máa yọ ẹ̀yà ara wọn, Kathy sì ń ròyìn ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ilé ìwé ẹ̀, ẹnì kan ò sá nínú wọn, kódà wọn ò rò ó. Sísá tí wọn ò sá yẹn ló ń ba èèyàn lẹ́rù jù. Ó yẹ kí wọ́n fún un lọ́dún yẹn. Lóòótọ́ Ishiguro gba Nobel ní 2017, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni ìyẹn wà fún.

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn lórí Orbital ti Samantha Harvey tó gba Booker ní 2024. Èèyàn 6 nínú ibùdó tó ń yí ayé po, ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni wọ́n yí i po. Ṣé ká kà á mọ́ tiwa?

---

Olójú_Sánmà:

Rárá o, Alákàwé, ìwọ̀n tìẹ gan-an ni mo máa fi dáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan nínú Orbital tí ò tíì ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn wà lókè níbẹ̀ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tó rẹwà ni, bó ṣe kọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń yọ lẹ́ẹ̀kan tó ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo ka àwọn ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kò fi nǹkan tí ò sí bi wá léèrè. Tá a bá kà á mọ́ tiwa torí pé ó gba Booker, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tá a ní káwọn yẹn má ṣe.

---

Ìyá Ìwé:

Mo gbè é lẹ́yìn lórí Orbital. Àmọ́ lórí Nobel, ẹ má gbàgbé pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Harry Martinson ará Sweden tó gbà á ní 1974, òun ló kọ Aniara, ewì gígùn orin 103 nípa ọkọ̀ tó kó èèyàn kúrò nílé ayé tó wá ṣìnà tí ò sì lè yí padà mọ́ títí láé. Doris Lessing gbà á ní 2007, òun ló kọ Canopus in Argos, ìwé 5, ó sì lọ ṣe àlejò pàtàkì ní Worldcon tí wọ́n ṣe ní Brighton lọ́dún 1987, kò tijú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba àwáwí kankan lórí Le Guin. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìdánilọ́lá láti National Book Foundation ní 2014, ó kú ní 2018, Nobel kì í sì í lọ sọ́dọ̀ òkú. Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, The Dispossessed ni màá mú ṣáájú Left Hand. Ẹ lọ ka ojú ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀, ògiri kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ògiri kúkúrú tí àgbàlagbà lè wò kọjá tí ọmọdé lè gùn, ó sì bi wá pé ẹ̀gbẹ́ wo ni inú, ẹ̀gbẹ́ wo ni òde, bóyá òun ló sé ọkọ̀ àwọn àlejò mọ́ àbí odindi ayé yẹn ló sé mọ́. Gbogbo ohun tí ìwé náà máa bá wa jà lé lórí ti wà níbẹ̀ pátá. Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti kà á? Tó ò bá tíì kà á, kà á kó o wá sọ fún mi bóyá Algernon ṣì wà lókè.

---

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé:

Mo ti kà á mà, mo sì fẹ́ràn ògiri yẹn. Àmọ́ ní àárín ìwé, ibi tí Shevek, olórí ìtàn náà, ti ń jiyàn pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé ayé kejì tó ń jẹ́ Urras, mo máa ń gbọ́ ohùn Le Guin fúnra ẹ̀ ju ti Shevek lọ. Nínú Algernon, ohùn Charlie nìkan ni mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Algernon ṣì ni tèmi.