“Eré àfarawé” kò tó: mo dábàá “eré ká-ní”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orúkọ Yorùbá mẹ́ta ló ti wá sílẹ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “simulation game”, eré orí kọ̀ǹpútà tí a lè fi kọ́ ọmọ ní ìtàn ọrọ̀ ajé àti ti àwùjọ: “eré àfarawé”, “eré ìdíbọ́n” àti “eré àṣewò”. Mi ò fara mọ́ ìkankan. Ẹni tó ń díbọ́n, ó fẹ́ tan ẹlòmíì jẹ ni. Ẹni tó ń fara wé ènìyàn, ohun tí onítọ̀hún ti ṣe náà ló ń tún ṣe. “Àṣewò” ní ìtumọ̀ tó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò kí ẹ tún un kà. Mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó ń lọ bá òbí.

Ẹ jẹ́ kí n fi Kánò ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo ń lò ní kíláàsì níbí ní Kubwa, l’Abuja. Ní 1911 ni ojú irin rélùwéè dé Kánò. Òwú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń retí pé yóò máa bá a bọ̀, fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Lancashire. Ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ Haúsá gbìn. Àwọn ahunṣọ ìlú fúnra wọn ń ra òwú lówó tó dáa, ẹ̀pà sì ṣeé jẹ bí ọjà bá kùtà. Bí mo bá kà á fún àwọn ọmọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iye ẹ̀pà, iye òwú àti owó orí, ọmọbìnrin kan fi gbogbo oko rẹ̀ gbin ẹ̀pà. Ọ̀dá 1913 dé, ẹ̀pà kò ṣe dáadáa, ọkà gbówó lórí kọjá agbára rẹ̀. Ó yíjú sí mi: “Sà, ká ní mo fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkà bàbà ńkọ́?” Mo ní kó padà síbẹ̀rẹ̀, kó gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn ni mo mú: “eré ká-ní”.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti sọ pé àbámọ̀ wà nínú “ká ní”. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, sà. “Ká ní mo lówó ni, ǹ bá ra ilẹ̀ sí Lugbe”: ìrònú nìyẹn, kì í ṣe ẹkún. Ẹni tó sì ń kábàámọ̀ kò lè padà sẹ́yìn. Ọmọ yìí padà.

Ọ̀rọ̀ náà tún ń fa ìbéèrè kan tó ká mi lára: ká ní ta ni mí? The Oregon Trail, eré kọ̀ǹpútà nípa àwọn tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mẹ́ta ṣe ní Minnesota ní 1971, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń tẹ ìbéèrè jáde sórí ìwé, ẹni tó ń wá ilẹ̀ tuntun lọ nìkan ni ọmọ lè jẹ́ níbẹ̀. Kò lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilẹ̀ náà látilẹ̀wá. Nínú ti Kánò tèmi náà, mo fẹ́ fi lébìrà tó to irin sílẹ̀ kún un, àti obìnrin tó ń pa ẹ̀pà.

Kí la ó wá máa pe ẹni tí ọmọ bá dúró fún nínú eré náà? “Òṣèré” ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, “aṣojú” ti di ti àwọn aṣòfin Abuja. Ẹ bá mi wá a.