Títẹ lẹ́ǹsì gíláàsì: ìṣirò kọ̀ǹpútà ní 3 µm, òdiwọ̀n ní 11 µm

Olùtẹ̀_lẹ́ǹsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Abaqus (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń yí padà) ni mo fi ń ṣírò bí gíláàsì L-BAL35 (Tg rẹ̀, ìwọ̀n ooru tó ti ń kúrò ní rírọ̀ di líle, jẹ́ 527 °C) ṣe máa rí lẹ́yìn títẹ̀. Lẹ́ǹsì asphere (tí ojú rẹ̀ kò rí bíi ti bọ́ọ̀lù) ni, fífẹ̀ rẹ̀ 12 mm, móòdù tungsten carbide, 570 °C ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣirò ní etí lẹ́ǹsì á fi 3 µm yàtọ̀ sí móòdù. Mo wọ̀n ọ́n, 11 µm ni mo bá. Àwòṣe Maxwell onítámù kan (tó ń sọ bí agbára inú gíláàsì ṣe ń dínkù) ni mo lò, α (ìwọ̀n tí gíláàsì fi ń fẹ̀ tàbí súnkì fún °C kan) kan ṣoṣo sì ni látòkè délẹ̀. Mo ti mú mesh (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ìṣirò pín lẹ́ǹsì sí) kéré sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yí nǹkan kan padà.

Gíláàsì_gbígbóná:
Ẹ fi mesh sílẹ̀, α kan ṣoṣo yẹn ni kí ẹ wò. Lókè Tg, súnkì gíláàsì lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti ìsàlẹ̀. Ibi tó ti ń yí padà kò sì dúró sójú kan: bí ẹ bá ń tù ú kíákíá, á yí padà níbi tó gbóná ju ìgbà tí ẹ bá rọra. Àwòṣe Tool-Narayanaswamy-Moynihan ló mú èyí, nípasẹ̀ fictive temperature (Tf), ìwọ̀n ooru tí ìṣètò inú gíláàsì ṣì bá mu. Ẹ kọ ọ́ sínú UEXPAN (ibi tí Abaqus ti ń gba kóòdù yín fún fífẹ̀ àti súnkì), kí ó máa ṣe èyí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan (ε ni ìdá tí gígùn fi yí padà, T ni ìwọ̀n ooru):

dε = αg·dT + (αl − αg)·dTf

Nígbà tí gíláàsì ṣì rọ̀, Tf ń bá T rìn, αl ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá dì, Tf dúró, ó ku αg nìkan. DSC (òdiwọ̀n ooru tí gíláàsì ń gbà bó ṣe ń gbóná) ní ìyára bíi mẹ́ta ló máa fún yín ní H/R, x àti β, àwọn nọ́ńbà tí àwòṣe náà nílò.

Ìṣirò_títọ́:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Maxwell yẹn náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. τ (àkókò tí agbára inú gíláàsì fi ń dínkù) = η/G; η ni kíki gíláàsì, G ni líle rẹ̀. Ẹ mú G bíi 30 GPa: níbi tí kíki gíláàsì ti jẹ́ 10⁸ Pa·s, τ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà nígbà títẹ̀ kò sí ẹni tó máa mọ ìyàtọ̀. Ní Tg, tí kíki rẹ̀ jẹ́ bíi 10¹² Pa·s, ó di bíi 33 ìṣẹ́jú-àáyá. Ibẹ̀ ni támù kan ti ń tanni jẹ. Ẹ lo támù Prony (àkópọ̀ Maxwell tí τ wọn yàtọ̀ síra) márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ Arrhenius (òfin bí τ ṣe ń yí padà pẹ̀lú ooru) lẹ lò, ẹ rí i pé absolute zero (ìwọ̀n ooru tó kéré jù lọ) wà ní −273.15 °C nínú ìṣirò yín, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀.

Ìwọ̀n ooru wo lẹ ti ń gbé agbára ìtẹ̀ kúrò? Ṣé móòdù yín ń fẹ̀ nínú ìṣirò, àbí ẹ sọ ọ́ di rigid (ohun tí kì í yí padà rárá)?

Olùtẹ̀_lẹ́ǹsì:
540 °C. Rigid ni.

Ìṣirò_títọ́:
Háà. Ní 540 gíláàsì kò tíì dì, ẹ sì ti tú u sílẹ̀ kí ó máa súnkì bó ṣe wù ú. Ẹ fi agbára díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí dé bíi 490 °C kí ẹ tó tú náítírójìn sí i. Ti rigid, α tungsten carbide fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 5×10⁻⁶: láti 20 dé 570 °C, 6 mm láti àárín dé etí á fi bíi 16 µm gùn sí i. Gbogbo rẹ̀ ni ìṣirò yín ti gbójú fò.

Gíláàsì_gbígbóná:
Ẹ má tíì tún móòdù gé o. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò àti òdiwọ̀n kọ́kọ́ bá ara mu ní lẹ́ǹsì méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àṣìṣe náà gé móòdù ní òdìkejì. Tf kan náà yẹn ló máa sọ ìdí tí refractive index (nọ́ńbà bí gíláàsì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀) fi lọ sílẹ̀ ju ti kátálọ́ọ̀gù lọ, nítorí gíláàsì tí wọ́n rọra tù ni kátálọ́ọ̀gù ń sọ.