"Next to": ṣé ẹ̀gbẹ́ ni àbí nǹkan mìíràn?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú "next to" yìí. Èyí tí mo mọ̀ ni "sit next to me", ìyẹn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àmọ́ lánàá, ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé, "I bought it for next to nothing" wà níbẹ̀. Mo ní ó rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfo. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀! Ó ní tíṣà àwọn sọ pé owó pọ́ọ́kú ni, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Èyí tó wá ń jà mí lọ́kàn jù ni "cleanliness is next to godliness" tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri iléèwé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi rò pé ńṣe ni ìmọ́tótó àti ìwà-bí-Ọlọ́run jọ jókòó pọ̀. Àbí ìmọ́tótó ló wà ní ipò kejì ni?

Ìkan ṣì kù: bí ṣọ́ọ̀bù bá wà "near" ilé wa, ṣé ilé méjì-mẹ́ta lè wà láàárín, tí "next to" kò sì ní gba ìyẹn?

Ọ̀la ló máa kó ìwé padà o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.