Ṣé irin inú egungun ṣeé fi nǹkan pa lára kí kòkòrò má lè mú un?

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà ló gbé ọmọ mi ṣubú ní Láfẹ́ńwá lọ́dún tó kọjá, itan rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ki irin bọ egungun náà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ojú abẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọyún. Abẹ́rẹ́ títí, kò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n yọ irin ni ibà tó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú abẹ ṣì ń sun díẹ̀. Mo rí irin náà: ó ń yọ̀ bíi inú àgbá omi tí a kò fọ̀ látọjọ́. Wọ́n tún fẹ́ ki òmíràn bọ̀ ọ́, àyà mi ń já.

Bí mo bá fi ìyẹ́ adìẹ kọ láfún sára aṣọ, tí mo rẹ ẹ́ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹwàá, ibi tí láfún wà kò ní gba aró. Ṣé irin ò ní láfún tirẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìbarà: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Staphylococcus ló sábà máa ń fà á, orí awọ ara wa náà ló sì ń gbé. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ irin, á fi oje tó ń yọ̀ yẹn bo ara rẹ̀, oògùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ọyún náà wò ní láàbù, kí ẹ lè mọ oògùn tó ń pa á kí irin tuntun tó wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà: Mà, láfún irin wà. Èròjà kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ojú irin, tó ń fa omi mọ́ra. Omi yẹn á bò ó bí ìyọ̀ ara ẹja àrọ̀, kòkòrò ò ní ríbi dì mú. Àwọn mìíràn ń fi fàdákà tàbí gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò, pa á lára. Irin ojúgun tí wọ́n fi gentamicin pa ti wà lọ́wọ́ àwọn dókítà ní Yúróòpù, àmọ́ oògùn náà kì í pẹ́ tán. Dókítà kan tó ń jẹ́ Gristina kọ ọ́ ní 1987 pé eré ìje ni: bí sẹ́ẹ̀lì ara bá ṣáájú dé ojú irin, kòkòrò ò ráyè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tó lé kòkòrò lè lé egungun pẹ̀lú.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Láfún máa ń sán bí a bá ká aṣọ gírígírí. Aró á gba ibẹ̀ wọlé, á yọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí iṣan. Òòlù ni mo gbọ́ pé wọ́n fi ń gbá irin wọ egungun. Tó bá họ ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà: Ibẹ̀ gan-an ló le, mà. Ibi tó bá họ ò ní ààbò mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá bí èròjà náà ṣe máa so pọ̀ mọ́ irin fúnra rẹ̀, kó má kàn jẹ́ kíkùn lé e.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ó yé mi. Ọjọ́ Ajé la ń padà lọ. Ọ̀rọ̀ láàbù ni mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n, kí n tó béèrè bóyá irin tí wọ́n fi oògùn pa ti dé ọ̀dọ̀ wọn.